Iṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù ló wù yín? Bí ẹ ṣe máa ka másítáàsì ẹ̀ láti Ìlọrin láì fowó ṣòfò

Lọ́jọ́ tí mo sọ fún màmá mi pé mo fẹ́ lọ ka másítáàsì nípa iṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé "ṣé ère lo wá fẹ́ máa gbọn eruku lára ẹ̀ ni, ìwọ ọmọ Alfa?" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ Ìlọrin, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo wọ yàrá bàbá bàbá mi lọ, mo fa àpótí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wàláà mẹ́ta (pátákó tí wọ́n fi ń kọ́ kéwú) ló wà níbẹ̀ àti kùńdí, ìyẹn àkójọ ìwé kéwú àfọwọ́kọ, tí wọ́n fi tàdáwà, íǹkì àwọn Alfa, kọ, ikán dẹ̀ ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan kùńdí yẹn lọ ráúráú. Mo ní màmá, iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ kọ́ rèé, kí èyí tó kù má bàa lọ. Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n kàn ní kí n dá àpótí padà síbi tó wà.

Láti ìgbà yẹn, àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ò yéé bi mí pé "ẹ̀gbọ́n, school wo ló dáa jù fún iṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù?" Mo máa ń sọ fún wọn pé ìbéèrè yẹn ti yára jù. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ máa fọwọ́ yín kàn lójoojúmọ́, ẹ lọ fọwọ́ kàn án díẹ̀ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún fọ́ọ̀mù, ìgbà yẹn ni orúkọ school tó yẹ yín máa jáde fúnra ẹ̀. Bí mo ṣe máa ń to ọ̀rọ̀ náà fún wọn rèé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: iṣẹ́ wo gan-an nínú mùsíọ́ọ̀mù?

Bí èèyàn bá ní ọsibítù lòun ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣì máa bi í pé ṣé dókítà ni àbí nọ́ọ̀sì àbí ẹni tó ń kọ káàdì. Bẹ́ẹ̀ náà ni mùsíọ́ọ̀mù rí. Curator ni ẹni tó mọ ìtàn tó wà nídìí àwọn ẹrù, òun ló máa pinnu èyí tí wọ́n máa gbé síta fún aráyé àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Conservator ni dókítà ẹrù, ẹni tó mọ ohun tó ń ba igi, irin, aṣọ àti ìwé jẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Registrar ló ń fún ẹrù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, tó mọ ibi tó wà, ọjọ́ tó dé, ẹni tó mú un wá. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ni àwọn ọmọ school máa ń bá pàdé tí wọ́n bá wá wòran. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìta gbangba niṣẹ́ tiwọn, òkè, ihò àpáta, ògiri ìlú àtijọ́, ibi tí wọ́n ń walẹ̀.

Ìwé tí wọ́n ń kà fún wọn ò rí bákan náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe conservator, tí kò dẹ̀ ní kẹ́mísìrì lọ́wọ́ rárá, kó yáa mọ̀ pé wọ́n máa bi í, torí yunifásítì tó ń kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa fẹ́ ẹni tó mọ ìdí tí irin fi ń dípẹtà. Ẹni tó ka History, Yorùbá, Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Islam, èdè Lárúbáwá tàbí iṣẹ́ ọnà, ọ̀nà curator àti ẹ̀kọ́ máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó ka ẹ̀kọ́ ilé ìkówèésí, ẹ̀yin gan-an ni registrar ń dúró dè, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún yín ni. Àwọn tó ka architecture lè lọ sẹ́ka ilé àtijọ́ àti ibi ìtàn.

Bẹ́ ẹ bá ti ka ìpínrọ̀ òkè yìí tán tẹ́ ò tíì lè sọ pé "èyí ni tèmi," kò sí wàhálà, ẹ máa bọ̀ ní ìgbésẹ̀ kejì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ lọ fọwọ́ kan nǹkan

Ibí yìí ni mo máa pẹ́ sí, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń fò.

Àwa ará Kwara kàn ń jókòó lórí ọrọ̀ ni. Mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, Ẹ̀sìẹ́ ló wà, ní Irẹ́pọ̀dùn níbí, ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ti Jos tí gbogbo èèyàn ń pariwo, 1952 ni tiẹ̀. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà ní Ẹ̀sìẹ́, ọkùnrin, obìnrin, èyí tó jókòó sórí àpótí, èyí tó mú idà lọ́wọ́, èyí tó ń lu ìlù, pẹ̀lú ilà ojú àti oríṣiríṣi irun dídì. Òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ wọn rọ̀ débi pé èékánná lè ha á, soapstone ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1933 ni òyìnbó kan tó ń bẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS wò, Ramshay lorúkọ ẹ̀, kọ nípa wọn fún ìjọba, àmọ́ àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti mọ̀ wọ́n tipẹ́tipẹ́, wọ́n dẹ̀ ń ṣọdún wọn. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n, pé wọ́n di òkúta ni. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn títí dòní lórí ẹni tó gbẹ́ wọn. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe dùn tó fún ẹni tó ń wá ohun tó máa kọ pùrójẹ́ẹ̀tì lé lórí!

Láti Ìlọrin, mọ́tò tó ń gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ọ̀mù-Àrán lẹ máa wọ̀, ẹ sọ̀ ní Òró, ọ̀kadà máa gbé yín dé Ẹ̀sìẹ́. Ẹ má lọ bí ẹni tó lọ pìkíníìkì o. Ẹ mú ìwé jótà àti pẹ́ńsùlù. Ẹ mú ère kan ṣoṣo, ẹ jókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tí ojú yín rí sílẹ̀: ibi tó ti kán, ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, àwọ̀ ẹ̀, ohun tó mú lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, ṣé iná tàbí oòrùn ń bà á, ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ pé ibi tó ti kán ló ń jẹ yín lọ́kàn tẹ́ ẹ délé, conservator ni yín. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ fẹ́ tún kọ, curator tàbí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ niyẹn. Tó bá jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ ń rò ni pé "ṣé wọ́n tiẹ̀ ní àkọsílẹ̀ gbogbo ẹgbẹ̀rún yìí báyìí?", háà, ẹ ti di registrar. Kì í ṣe ìdánwò yunifásítì kankan o, ọgbọ́n orí tèmi ni, ó dẹ̀ ṣiṣẹ́ fún mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan, tàbí ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ní yunifásítì, tàbí ilé iṣẹ́ àṣà ìpínlẹ̀, pé ẹ fẹ́ wá ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ má kọ ọ́ pé ẹ "nífẹ̀ẹ́ àṣà," ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ lè ṣe: mo lè fi fóònù ya fọ́tò tó mọ́, mo mọ Excel, mo lè ka Lárúbáwá. Ibi tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí ò dá mi lóhùn, ibi kejì ní kí n wá, nígbà tí mo dé ọ̀hún wọ́n ní ọ̀gá rìnrìn àjò, mo padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó fún mi ní àga. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ni kí n máa ka ìkòkò. Ìkòkò ni mo kà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó dẹ̀ dáa fún mi, torí ìgbà tí mo débi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìkòkò yẹn ni mo rí sọ̀rọ̀ lé lórí.

Tí kò bá sẹ́ni tó gbà yín rárá, ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé. Ẹ wá nǹkan àtijọ́ méjìlá nínú agboolé, wàláà, ìkòkò Dada láti Òkèlele, aṣọ òkè ìyá àgbà, ìlẹ̀kẹ̀, ohunkóhun. Ìlànà kan wà tí àwọn mùsíọ́ọ̀mù káàkiri ayé mọ̀, Object ID lorúkọ ẹ̀, ohun tó ń béèrè ò le: kí ni nǹkan náà, kí ni wọ́n fi ṣe é àti báwo ni wọ́n ṣe ṣe é, gígùn àti ìbú ẹ̀, ohun tí wọ́n kọ tàbí sàmì sí i lára, àbùkù tàbí àmì tí wọ́n fi lè dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀, ọjọ́ orí ẹ̀, ẹni tó ṣe é, àti fọ́tò. Mo fi orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé kún tèmi, pẹ̀lú ẹni tó fi í sílẹ̀ àti ẹni tó jogún ẹ̀. Ẹ ṣe méjìlá yìí dáadáa, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Excel, ẹ ti ní nǹkan tẹ́ ẹ máa fi hàn.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń ṣe é, ẹ má fi báírò kọ nọ́ńbà sára ẹrù, páálí kékeré tẹ́ ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ lẹ máa so mọ́ ọn. Ẹ má fomi fọ̀ ọ́, ẹ má fi òróró pa á kó lè máa dán. Mo mọ bàbá kan tó fi fáníìṣì kun wàláà tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún torí pé ó fẹ́ kó wu àwọn àlejò. Ó dán lóòótọ́, àmọ́ àwọn lẹ́tà tó ṣì hàn fírífírí lórí ẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ìwé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ yín

Eléyìí ò gùn. Ní Nàìjíríà, àwọn tó ní second class lè béèrè másítáàsì tààrà níbi tó pọ̀. Ẹni tó ní third class tàbí HND, PGD ló sábà máa kọ́kọ́ ṣe, ọdún kan ni, kò dẹ̀ sí ìtìjú níbẹ̀, ọ̀nà ni. Wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí NYSC tàbí ti ìyọ̀ǹda, ẹ wá a síta báyìí kẹ́ ẹ má bàa máa tú bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ tó kù díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní PhD lọ́kàn, ẹ má forúkọ sílẹ̀ fún másítáàsì tí wọ́n ń pè ní professional, torí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbabẹ̀ lọ tààrà, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ dẹ̀ ṣọ́ máàkì, torí bó bá lọ sílẹ̀ jù níbi másítáàsì, ilẹ̀kùn PhD máa tì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Nàìjíríà níbí

Ẹ jẹ́ ká fi Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka Archaeology and Anthropology, ó tún ní Institute of African Studies tó ti wà láti 1962, ibẹ̀ dáa fún ẹni tó bá ń lọ sọ́nà iṣẹ́ ọnà, àṣà àti ìtàn. Ilé-Ifẹ̀ náà wà, OAU ní mùsíọ́ọ̀mù ohun ẹlẹ́mìí àti ohun inú ilẹ̀ tiẹ̀ nínú ọgbà, ìlú Ifẹ̀ fúnra ẹ̀ dẹ̀ jẹ́ kíláàsì, torí agboolé Wúnmọníjẹ̀ ni wọ́n ti hú àwọn orí idẹ jáde ní 1938. Nsukka ní ẹ̀ka tó ń kọ́ archaeology pọ̀ mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Jos yàtọ̀ sí gbogbo wọn: Institute of Archaeology and Museum Studies tó wà níbẹ̀, abẹ́ NCMM ló wà, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù, àwọn tí òfin 1979 dá sílẹ̀. Ìwé kíkà àti iṣẹ́ ọwọ́ ló pàdé níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ń ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù ìjọba tàbí tó fẹ́ wọbẹ̀, kó má fojú di Jos nítorí pé kì í ṣe yunifásítì.

Nílé Ìlọrin ńkọ́? Ẹ lè gba History ní Unilorin, kẹ́ ẹ yan pùrójẹ́ẹ̀tì tó kan ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. KWASU ní Màlété ní ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin, ẹni tó bá mọ Lárúbáwá tàbí Àjàmí (èdè wa tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ) kó lọ kàn wọ́n lára. Èmi ò rò pé dandan ni kẹ́ ẹ rí "Museum Studies" lórí ìwé ẹ̀rí. Olùkọ́ tó máa mójú tó iṣẹ́ yín ló ṣe pàtàkì ju àkọlé lọ: ẹ wo ohun tó ti kọ, ẹ kọ ímeèlì sí i, ẹ bi í bóyá ó lè gba yín kẹ́ ẹ tó ra fọ́ọ̀mù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tó bá jẹ́ òkè òkun lẹ ń wò

Ní UK, Leicester ló lórúkọ jù, láti 1966 ni wọ́n ti ń kọ́ Museum Studies níbẹ̀, ẹ dẹ̀ lè kà á láti ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì kúrò ní Tánkè, ní Ìlọrin níbí. Kí NEPA ṣáà jẹ́ o. UCL ní Lọ́ńdọ̀nù ní ti mùsíọ́ọ̀mù, ó tún ní ti conservation. Yunifásítì East Anglia ní Norwich ní Sainsbury Research Unit tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọnà Áfríkà, Òṣéáníà àti Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n gbájú mọ́, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ curator ère àti aṣọ, ibẹ̀ gan-an ni. Ní Jámánì, BTU Cottbus ń kọ́ World Heritage Studies ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti 1999, ìyẹn fún àwọn tó fẹ́ òkè, ilé àtijọ́ àti ibi tí UNESCO kọ sílẹ̀, irú bíi Sukur ní Adamawa tó wọlé ní 1999 àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tó wọlé ní 2005. Tòsí ni Yunifásítì Gánà ní Legon wà, wọ́n ní ẹ̀ka Archaeology and Heritage Studies, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé pé ẹ ò nílò físà débẹ̀.

Ohun tó ń dá àwọn èèyàn dúró kì í ṣe ọpọlọ, owó àti ìwé físà ni. UK: owó gbọ́dọ̀ jókòó ní báǹkì fún ọjọ́ 28 kó tó kà, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ (TB) wà, láti oṣù kìíní 2024 dẹ̀ ni ẹni tó ń lọ ka másítáàsì oní-kíláàsì, tí kì í ṣe ti ìwádìí, ò ti lè mú ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ dání mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ́mọ, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yìí nílé kí ìwé tó jáde. Jámánì: ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ò gba owó ilé ẹ̀kọ́, àmọ́ wọ́n fẹ́ rí owó oúnjẹ ọdún kan tí wọ́n tì pa sí àkáǹtì, ó ti di 11,904 yúrò láti 2024. Ẹ fi náírà ṣe é, kẹ́ ẹ mumi sí i. Ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn yunifásítì UK kan máa ń gba C6 WAEC dípò IELTS, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ju owó ìdánwò nù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tẹ́ ẹ máa kọ sínú lẹ́tà yín

Mo ti bá àwọn àbúrò ka lẹ́tà bíi ogún, èyí tó ju ìdajì lọ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àṣà àti ìṣe." Ẹni tó ń ka lẹ́tà ti rí èyí nígbà ọgọ́rùn-ún. Nǹkan kan ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nǹkan tó ṣeé fọwọ́ kàn. Tèmi, àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo fi bẹ̀rẹ̀: wàláà mẹ́ta, kùńdí kan, ikán, àti ìdí tí màmá mi fi ní kí n dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá sọ ohun tí mo ṣe, pé mo kọ àkọsílẹ̀, mo ya fọ́tò, mo gbé àpótí kúrò lórí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ohun tí mi ò mọ̀, torí ibẹ̀ ni ìdí tẹ́ ẹ fi ń wá ìwé kà wà: mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá tàdáwà tó ń ṣí kúrò lórí bébà dúró. Lẹ́yìn náà ìdí tó fi jẹ́ yunifásítì tiwọn, kẹ́ ẹ dárúkọ kọ́ọ̀sì kan tàbí olùkọ́ kan. Ìgbẹ̀yìn ni ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe tẹ́ ẹ bá parí.

Kókó pùrójẹ́ẹ̀tì náà, ẹ má lọ jìnnà. Ìlẹ̀kẹ̀ lántánà wà, èyí tí wọ́n ń fi òkúta pupa lọ̀ ní Ìlọrin, àwọn tó wá láti Ọ̀yọ́-Ilé ló gbé iṣẹ́ ọ̀hún dé, ó ti kú báyìí, àmọ́ ó ṣì wà lọ́rùn àwọn ìyá àgbà àti nínú àpótí. Ẹ lè béèrè pé mùsíọ́ọ̀mù wo ló ní i, kí ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Àwọn amọ̀kòkò Dada wà, iṣẹ́ obìnrin ni, wọ́n ṣì ń mọ ọ́n, kí ni mùsíọ́ọ̀mù máa ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ tí kò tíì kú? Ní Ọ̀fà, ìjàkadì ni oríkì ìlú, báwo lèèyàn ṣe máa fi eré tó ń lọ lọ́wọ́ sínú gíláàsì? Wàláà àti ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin wà nílé àwọn Alfa, ta ló ni wọ́n gan-an, ṣé ẹbí ni, ṣé ìlú ni, tí ọmọ kan bá fẹ́ tà á ńkọ́? Mo fẹ́ràn ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn jù, torí òfin wà ńbẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgbàwé àṣẹ lọ́wọ́ NCMM. Ẹ má jẹ́ kí "oníbàárà láti Dubai" kankan tàn yín o.

Ìgbésẹ̀ keje: transcript àti àwọn tó máa jẹ́rìí yín

Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí lónìí, bí ò tiẹ̀ jẹ́ pé ọdún tó ń bọ̀ lẹ máa béèrè. Transcript tèmi, mo sanwó ẹ̀ ní oṣù kẹta, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, oṣù kẹjọ ni wọ́n tó fi ránṣẹ́, lẹ́yìn tí mo ti lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn títí tí akọ̀wé fi mọ orúkọ ọmọ mi. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Olùkọ́ kan tó ṣèlérí pé òun máa jẹ́rìí mi kò ṣí ímeèlì rárá, ọjọ́ kọjá, ọdún kan lọ bẹ́ẹ̀. Àtìgbà yẹn, ẹni mẹ́ta ni mo máa ń bẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ méjì, mo dẹ̀ máa ń fi CV mi, lẹ́tà mi àti ìlà mẹ́rin nípa ohun tí mo bá wọn ṣe ránṣẹ́ sí wọn, kí iṣẹ́ má pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìpè kan lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ìparí, pẹ̀lú "ẹ kú iṣẹ́ sà, mo kàn ní kí n rán yín létí," kì í ṣe àfojúdi.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: owó

Chevening, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ìjọba UK, máa ń sanwó másítáàsì ọdún kan níbẹ̀, oṣù kẹjọ ló sábà máa ń ṣí. Wọ́n fẹ́ wákàtí 2,800 iṣẹ́, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà wà lára ẹ̀, ẹ ti wá rí ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ lọ ka ìkòkò! Tẹ́ ẹ bá parí ẹ gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún méjì. Commonwealth náà wà, DAAD wà fún Jámánì, Fulbright wà fún Amẹ́ríkà. PTDF kì í ṣe tiwa, ti epo rọ̀bì ni. TETFund, àwọn olùkọ́ ilé ìwé gíga ìjọba ni.

Kẹ́ ẹ má gbàgbé owó kéékèèké tí kì í ṣe ti másítáàsì: British Library ní ètò kan, Endangered Archives Programme, tó ń fún èèyàn lówó láti ya fọ́tò ìwé àtijọ́ tó fẹ́ bàjẹ́, kò gba ìwé lọ́wọ́ onílé, àwòrán ẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú. Ìlọrin tó ní ìwé tó báyìí, ẹni méjì mẹ́ta tó bá para pọ̀ pẹ̀lú yunifásítì kan lè kọ irú ẹ̀. British Museum náà máa ń gba àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù láti ilẹ̀ òkèèrè fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀, láti 2006 ni.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: nígbà tẹ́ ẹ bá ń kà á lọ́wọ́

Ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ méjì tí kò sí nínú ìwé. Èkíní, mímọ ojú ọjọ́: ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ò wọ́n, ẹ gbé e sí yàrá kan nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò, ẹ máa rí ìdí tí igi fi ń sán ní oṣù kìíní tí ìwé dẹ̀ ń hu funfun ní oṣù kẹjọ. Aṣọ àti ìwé ò fẹ́ iná tó ju 50 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), àwọn mùsíọ́ọ̀mù mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ lọ wo aṣọ òkè tí wọ́n gbé kọ́ ojú fèrèsé ní ọ́fíìsì. Kòkòrò inú aṣọ àti igi, wọ́n máa ń fi fìrísà pa á, kẹ́míkà kọ́, ẹ dì í dáadáa sínú ọ̀rá kó tó wọlé, bó bá tutù tó bó ṣe yẹ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Iná wa ló máa dá yín láàmú.

Ìkejì ni ìwádìí ibi tí ẹrù ti wá. Láti ìgbà tí Jámánì ti dá àwọn idẹ Benin kan padà ní 2022, tí Netherlands náà dá 119 padà ní 2025, àwọn tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897, gbogbo mùsíọ́ọ̀mù ló ń wá ẹni tó lè tọ ipa ẹrù kan láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìlẹ̀kùn iṣẹ́ lèyí, ẹ kọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: iṣẹ́

NCMM ni agbanisíṣẹ́ tó tóbi jù, ètò ìgbanisíṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, ó ń lọ bó ṣe ń lọ, ẹ má fi gbogbo ọkàn yín síbẹ̀. Ní Èkó, mùsíọ́ọ̀mù Yemisi Shyllon ti wà ní Pan-Atlantic University láti 2019, John Randle Centre, tó wà fún àṣà àti ìtàn Yorùbá, wà ní Oníkan. Yunifásítì, ààfin ọba, báǹkì tó ní àkójọ iṣẹ́ ọnà, gbogbo wọn nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Mo mọ àwọn tó ń fi ìwé másítáàsì ṣe iṣẹ́ àdáni, wọ́n ń bá ẹbí olówó to àkójọ wọn, ó ń bọ́ wọn.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ICOM, ẹgbẹ́ mùsíọ́ọ̀mù àgbáyé, bí akẹ́kọ̀ọ́, owó tí wọ́n ń gbà kéré sí ti òṣìṣẹ́, káàdì ẹ̀ dẹ̀ máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ wọ ọ̀pọ̀ mùsíọ́ọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ bá dé òkè òkun.

Ti màmá mi, wọ́n pè mí ní oṣù tó kọjá ní agogo mẹ́fà àárọ̀. Mo rò pé ara wọn ò yá ni. Wọ́n ní àwọn rí eruku kan lẹ́bàá àpótí bàbá, tó funfun díẹ̀, pé ṣé ikán ni àbí ìdin igi, pé kí n tètè wá torí àwọn ò fẹ́ fọwọ́ kàn án, ọwọ́ àwọn tutù.